Ẹ̀pà Kò Sí Nínú Ìwé Náà

Rocafuerte,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, ọdún 2001

Magaly ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó ń bá ọ gbé, mo sì kí arúgbó tí ò ń tọ́jú. Ńbí, òjò ti sọ ojúlé wa di ẹrẹ̀, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká gbádùn, ṣùgbọ́n a wà. Ẹ̀pà ọdún yìí dára, ó yọmọ, mo sì ń yan án, mò ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgbàdo àti iyọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Láti ibí títí dé Tosagua, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kò sí sal prieta, iyọ̀ ẹ̀pà yìí, tó tó ti Eudosia Anchundia.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ fẹ́ dójú tì mí.

Ó pé ọdún kan ó lé oṣù mẹ́rin tí o fi Nuvia sílẹ̀ fún mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún, mi ò sì tíì rí ọmọ tó ń ṣe fáàrí lórí oúnjẹ tó báyìí rí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Hortensia, ìyá ìsàmì rẹ̀, wá bá wa jẹun. Mo se ọbẹ̀ viche: ẹja, àgbàdo tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà tó mú ọbẹ̀ ki dáadáa. Nuvia mu ṣíbí méjì, ó ti àwo sẹ́yìn.

"Gbé e mì," mo ní.

"Màmá, ó ń ta mí lẹ́nu. Ọ̀fun ń yún mi."

Hortensia bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ọmọ Sípéènì! Ìyá ẹ ń jẹ wàràkàṣì lọ́hùn-ún, ìwọ náà wá ń yínmú sí ẹ̀pà ńbí."

Ojú tì mí. Mo di í nímú, nígbà tó lanu láti mí, mo da ọbẹ̀ sí i. Magaly, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ fi padà jáde: sórí tábìlì, sínú àwo Hortensia, sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹja tó ti rún lẹ́nu, itọ́ tó ń fà bí ọ̀rá. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú igi tábìlì títí di òní, bí mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ tó. Ó kó mi nírìíra débi pé mo gbá a létí. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sú. Mo ní ẹkún ló fà á.

Gbogbo àdúgbò ń lá ìka lórí ohun tí mo lọ̀, ọmọ-ọmọ mi ń tu ú dànù bí ìgbẹ́ ajá. Kí ni kí n wí fún àwọn oníbàárà? Mo mọ̀ pé àárò rẹ ló ń dà á láàmú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, lára ẹni tó bá kù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti gbẹ̀san. Kọ̀wé sí i, kí o sọ fún un kó máa jẹun.

Ìyá rẹ,
Eudosia


Murcia,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2001

Màmá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìfaradà, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Inú ilé ìdáná Doña Fuensanta, arúgbó tí mò ń tọ́jú, ni mo ti ka lẹ́tà yín. Ó ń pè mí nínú yàrá, mi ò lè dáhùn.

Màmá, ẹ di ọmọ mi nímú?

Ọ̀rọ̀ yẹn rí mi lára. Ohun tí ẹ máa ń ṣe fún èmi náà nìyẹn. Mo ṣì rántí ìka yín lórí imú mi, àti òórùn àlùbọ́sà tó wà lára rẹ̀. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ sì má ṣe lu ọmọ mi nítorí pé ó bì. Ta ló ń dìídì bì?

Ọmọ tó ń wú, tí ara rẹ̀ ń sú lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe fáàrí. Oúnjẹ kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Níbí, wọ́n máa ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n á sì mọ oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Mo sọ ọ́ fún Jacinta, ará Chone lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, tí a jọ ń lọ sí páàkì lọ́jọ́bọ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Portoviejo, Ubaldo Intriago lorúkọ rẹ̀, tó kàwé ní Jámánì. Irun ọmọ ló máa ń gé, á kó o sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ gbogbo oúnjẹ tí ara ọmọ kọ̀. Ó ní àbúrò òun mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ gbé Nuvia lọ. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi ẹyin ra ọmọ lára nítorí ojú burúkú. Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Ìgbà yẹn ti kọjá. Ohun tí ọkùnrin náà bá kọ sínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu.

Magaly yín


Rocafuerte,
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọdún 2001

Magaly,

Mo kí ọ. O rán mi níṣẹ́, mo jẹ́ ẹ.

A dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà láago mẹ́wàá àárọ̀. Ó wọ aṣọ funfun bíi dókítà, ṣùgbọ́n kọfí ti ta sí i láyà, ó sì dá èékánná ìka kékeré rẹ̀ sí, ó gùn bíi ti ológbò, ìdọ̀tí dúdú wà lábẹ́ rẹ̀. Èékánná yẹn ló fi ya irun Nuvia sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ó gé irun náà, ó kó o sínú àwo gíláàsì, ó gbé ọ̀pá bàbà méjì lé e, ẹ̀rọ ń ké fíìn, fíìn. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ké, òun ń jẹ empanada díndín tó kún fún ẹran, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Mo ń retí kó bi mí pé kí ni ọmọ ń jẹ tó fi ń bì. Kò bi mí. Mo fẹ́ sọ fún un. Ó nawọ́ sókè: "Ìyá, ẹ má da ẹ̀rọ láàmú."

Ìwé tó fún wa ti wà lára ògiri báyìí. Oúnjẹ méjìdínlógójì ni Nuvia kò gbọdọ̀ jẹ mọ́. Ẹyin, wàrà, wàràkàṣì, ẹja, adìẹ, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì, ọsàn, àgbàdo... Kí ló wá kù? Pòtétò, elégédé, kárọ́ọ̀tì, àti ẹ̀pà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀pà kẹ̀? Ọbẹ̀ ẹ̀pà ló bì lójú mi."

"Ẹ̀pà ń fún un lókun ni. Ẹ̀rọ kì í purọ́, ìyá. Èèyàn ló ń purọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí mo ti ń tẹ̀ lé ìwé náà. Ọmọ ti rù. Egungun èjìká rẹ̀ yọ bíi ti ọmọ adìẹ tí òjò pa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo wá a títí, ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a nínú àgọ́ adìẹ. Ó ti fọ́ ẹyin tútù, ó ń fà á mu, ìgbẹ́ adìẹ ṣì wà lára èèpo, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n. Mo dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń retí kó wú. Kò wú. Kò yún un. Ó ní òun tún fẹ́ òmíràn.

Mo wá ronú. Ẹ̀pà tán nílé lẹ́yìn Àjíǹde, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi ní ẹyọ kan. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò họ ara, kò bì, ó sùn fọnfọn. Ọjọ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ ẹ̀pà, ó kàn jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ ni, ojú rẹ̀ dí.

Magaly, ẹ̀pà ni. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo lójú. Mo ti gbé ẹ̀pà rẹ̀ sókè àjà, mi ò fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rán mi sọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ìwọ ni kí o sọ fún mi pé kí n fa ìwé náà ya. Tètè kọ̀wé.

Eudosia


Murcia,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 2001

Màmá,

Mo kí yín o. Mo sì ní kí n má tíì kọ̀wé títí inú mi yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, kò sí ohun tí mo mú wá tó dára lójú yín. Ọkọ tí mo fẹ́ kò dára. Sípéènì kò dára. Ẹni tó kàwé ní Jámánì ńkọ́? Èékánná rẹ̀ kò dára! Màmá, ìwé mẹ́ta lẹ kà nílé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa yẹ ọmọ wò ni, pẹ̀lú ojú lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ?

Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ fẹ́ fún un lẹ́yin àti ẹja, kí ẹ lè sọ pé ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ wá jẹ́ kó máa jí ẹyin tútù mu bí ológbò! Ẹ̀gbin yẹn kò jẹ́ kí n jẹun lánàá.

Jacinta ní rírù yẹn máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ìdọ̀tí ló ń jáde lára. Ó ní a kì í dá ìtọ́jú dúró láàárín méjì. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ohun tí ìwé sọ pé kí ẹ fún un. Tó bá ń rù, ẹ̀pà ni kí ẹ fi kún un. Ẹ̀pà ní ọ̀rá, ẹ̀pà ní okun, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí i létí, kó mọ̀ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Mo fi aṣọ pupa kan ránṣẹ́ sí i. Ẹ fi wọn ara rẹ̀ kí ẹ sọ fún mi bó bá bá a mu.

Magaly


Murcia,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, ọdún 2001

Màmá mi,

Mi ò tíì rí èsì. Aṣọ ńkọ́, ṣé ó dé? Ṣé Nuvia ti ń sanra? Bí ẹ bá ń bínú nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìwé mẹ́ta, mo tọrọ gáfárà. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Magaly yín


Murcia,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje, ọdún 2001

Màmá,

Mo tọrọ fóònù Doña Fuensanta, mo pe ṣọ́ọ̀bù Don Wilfrido tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó bá mi ránṣẹ́ pè yín.

Ó ní, "Eudosia kò sí nílé. Ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Portoviejo."

"Ọsibítù? Kí ló ṣe é?"

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ ni kó sọ fún ọ, kì í ṣe èmi." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin sí i, kò gbé e.

Màmá, ẹ bú mi. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́.

Magaly


Rocafuerte,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2001

Magaly,

Ó wà láàyè.

Mo fi ìyẹn ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ̀ pé ojú rẹ ò ní lè ka ohun mìíràn kó tó rí i. Ní báyìí, jókòó.

Kì í ṣe iṣẹ́ ló mú mi dákẹ́. Bí mo bá kọ̀wé lóṣù Kẹfà, èpè ni ǹ bá kọ, mi ò sì fẹ́ kí èpè ìyá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá ọ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ẹ̀pà kalẹ̀ láti òkè àjà, mo yan án, mo lọ̀ ọ́, mo bu ṣíbí mẹ́ta lé pòtétò gbígún. Nuvia wo àwo, ó wo ojú mi.

"Màmá, èyí tó ń ta mí lẹ́nu nìyí."

"Ìyá ẹ ló ní kí o jẹ ẹ́. Wò ó, ìwé tó kọ nìyí."

"Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ṣé á wálé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo purọ́ fún ọmọ kó lè jẹun, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Kò yínmú, kò tutọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó fi hàn mí.

Mi ò tíì fọ àwo náà tán tí mo fi gbọ́ ohùn kan bíi ti pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn mi. Ojú rẹ̀ ti dí pátápátá. Ètè rẹ̀ tóbi ju ẹnu lọ, ó ń di aró, itọ́ ń ṣàn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ọrùn. Mo ké. Neptalí aládùúgbò wa, tó ń fi ọkọ̀ kẹ́rù bàrà, ló da gbogbo bàrà sójú ọ̀nà tó fi gbé wa. Lórí itan mi nínú ọkọ̀ ni ọmọ rẹ ti dákẹ́, Magaly. Ó kàn dákẹ́ ni. Mo ń pè é, ojú rẹ̀ ń yí funfun.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan, ó gún un lábẹ́rẹ́ ní itan. Mo ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi ẹ̀kẹrin ni ọmọ ti mí, tó sì bì sí mi láyà. Èébì yẹn nìkan ni kò rí mi lára láyé mi. Mo fi ọwọ́ gbà á bíi pé omi ìsàmì ni.

Dókítà tó wá bá wa kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ, Loor ni wọ́n ń pè é. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní ìbéèrè. Kí ló jẹ? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀? Ìgbà mélòó ló ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣé oúnjẹ kan náà ni ní gbogbo ìgbà? Kí ló máa ń jẹ tí nǹkan kan kì í ṣe é? Ó tó wákàtí kan. Mo sọ ti viche fún un, mo sọ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀pà tán, mo sọ ti ẹyin inú àgọ́ adìẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ti yẹ ọmọ yìí wò. Èmi kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ tún fún un?"

Mo yọ ìwé ọkùnrin náà, tí mo já lára ògiri bí a ṣe ń sáré jáde, láti inú kọ́mú mi. Ó kà á, ẹnu rẹ̀ yí bíi ti ẹni tó mu kọfí tán tó bá aáyán nísàlẹ̀ ife.

"Ta ló kọ ẹ̀gbin yìí? Kí ni irun mọ̀ nípa ikùn?"

Mi ò lè sọ pé ọmọ mi ló rán mi. Mo ní mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n tó yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní àfi kí ara sinmi ná. Dókítà kán omi oríṣiríṣi sí apá rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ kékeré tẹ ibẹ̀ bí ẹni tẹ ìwé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú ti ẹ̀pà wú, ó tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ti ẹyin wú díẹ̀. Àwọn yòókù dúró jẹ́. Mo ní, "Ẹyin náà wà níbẹ̀!" Ó ní kí n má tíì dájọ́, pé ara lè wú díẹ̀ lójú abẹ́rẹ́ kí oúnjẹ náà má sì ṣe ọmọ ní nǹkan kan, pé ẹni tó bá fi wíwú nìkan dájọ́ kò yàtọ̀ sí onírun. Wọ́n fẹ́ fún un lẹ́yin jẹ ní ìṣojú wọn lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí o pe ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lọ kí wọ́n wo bó ṣe ń sanra ni.

Inú ń bí mi sí ọkùnrin yẹn, inú ń bí mi sí ọ, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ló rí mi lára jù. Ìwọ kò sí níbẹ̀. Èmi mọ̀, mo sì bu ú fún un.

O bi mí nípa aṣọ pupa. Ó tóbi jù fún un.

Ọmọ rẹ kò bínú sí ọ. Ó kàn ń bi mí pé òun jẹ ẹ́ tán, kí ló dé tí o ò tíì wálé?

Eudosia


Murcia,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001

Màmá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá lẹ́yìn irú èyí.

Ọwọ́ mi tó kọ "ẹ fi ẹ̀pà kún un" ni mo fi ń fọ ẹnu arúgbó yìí, tí mo fi ń bọ́ ọ lóúnjẹ. Mo ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mi ò lè fi sí ẹnu ara mi. Ẹ̀pà wà nínú àwo lórí tábìlì níbí, fún àlejò. Mo gbé e jáde, mo dà á sínú ìdọ̀tí tàwo-tàwo. Doña Fuensanta bi mí pé ṣé orí mi yí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, señora.

Mo lọ bá Jacinta ní páàkì. Mo ka lẹ́tà yín sí i létí. Kò tilẹ̀ wo ojú mi, ó ń bó èso sunflower jẹ, ó ń tu èèpo sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọdé, ta ló lè mọ̀? Àbúrò mi kàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni." Mo ní, "Iṣẹ́ wo?" Ó ní àbúrò òun ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, pé bí orúkọ bá ṣe ń pọ̀ ni inú ọ̀gá ń dùn sí i. Màmá, ó ti bá mi jẹ búrẹ́dì láti inú àpò kan náà fún ọdún kan. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí obìnrin ọjà, mo sì lọ.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ Doña Fuensanta pé mò ń lọ. Wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí ẹlòmíràn. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n má padà wá mọ́, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kàn sọ fún mi bí ọjọ́ ẹyin yẹn bá ṣe rí.

Magaly


Rocafuerte,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001

Magaly ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ òyìnbó tutù.

Ọjọ́ ẹyin nìyí. A dé ọsibítù láàárọ̀, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ti fa oògùn sínú rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà Loor gé ẹyin bíbọ̀ tó kéré bí ọkà ìrẹsì, ó fún Nuvia. A dúró. Ó wo ahọ́n, ó wo ikùn, ó gbọ́ àyà. Ó tún gé èyí tó tó èékánná. A tún dúró. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn kejì fi wàrà ṣe tirẹ̀, ó wú, wọ́n sì yára tọ́jú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún. Mo fẹ́ gbé tèmi sá. Dókítà ní, "Ìyá, ibí ló yẹ kó ti wú, tó bá máa wú." Títí di ọ̀sán, ó ti jẹ odidi ẹyin kan. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó bi dókítà pé ṣé iyọ̀ wà.

Ẹ̀pà nìkan ni, Magaly. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sẹ́nu, ẹ̀pà nìkan.

Mo wá lọ bá ọkùnrin onírun. Má sọ pé kí ló dé. Mo gé irun díẹ̀ nídìí ìrù Canelo, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Neptalí, mo fọ̀ ọ́ nítorí ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo wé e sínú bébà, mo wé gèlè bojú díẹ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ni, Canelo Anchundia, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé ó rẹ̀ ẹ́ kò lè wá. Ọ̀gá gbé irun náà sábẹ́ bàbà. Fíìn, fíìn. Ó fún mi ní ìwé: Canelo kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kò gbọdọ̀ mu wàrà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan àgbàdo. Ó lè jẹ ẹ̀pà.

Mo jáde sí yàrá ìdúró. Ìyá mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó rù bí igi ìdáná. Mo ka ìwé Canelo sí wọn létí látòkè délẹ̀. Mo wá ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọmọ mi yìí ní. Àgbàdo ló jẹ láàárọ̀ yìí, ó ṣì ń pariwo lẹ́yìn ilé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá jáde síta, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá yìí ti ya wèrè! Ẹ mú un jáde!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀pà tí ẹ ní kí n fún ọmọ-ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ wo ojú mi."

Kò wò ó. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé gbogbo wọn á dìde. Obìnrin mẹ́rin péré ló tẹ̀ lé mi jáde. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n di àpò wọn mú, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyẹn ló rí mi lára jù lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè bú wọn, nítorí èmi náà ti jókòó lórí àga yẹn. Dókítà Loor ti kọ ẹjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ibẹ̀ ṣì ń ṣí láràárọ̀.

Mi ò lọ ẹ̀pà mọ́. Mo gbé ọlọ fún Hortensia, mo sun asẹ́, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ilé láti òkè àjà dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀mẹta. Hortensia sunkún nígbà tó ń gbé ọlọ lọ, ó ní òun ló fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ká má pín ẹ̀bi, ó pọ̀ tó gbogbo wa. Àwọn oníbàárà ń kùn. Adùn ẹyin ni mò ń ṣe báyìí, èyí tí wọ́n ń fi bébà wé. Kò tíì dára tó ti àwọn tó wà ní títì, ṣùgbọ́n Nuvia ń jẹ èyí tó bàjẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún.

O ní kí n má tíì dárí jì ọ́. Mi ò tíì dárí jì ọ́, mi ò sì tíì dárí ji ara mi. Nígbà tí o bá dé, a ó jọ jókòó tì í.

Ohun kan kù. Dókítà bi mí lọ́jọ́ ẹyin pé, "Ẹ̀yin fúnra yín máa ń jẹ ẹ̀pà?" Mo ní láti kékeré. "Ẹ sì máa ń fẹnu ko ọmọ lẹ́nu?" Gbogbo àárọ̀ tí mo dìde nídìí ọlọ, tí mo fi ẹnu kò ó lẹ́nu kó lè jí, tó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ún kíákíá! Mo rò pé kò fẹ́ràn mi ni.

Wọ́n máa ń pín ẹ̀pà nínú ọkọ̀ òfuurufú, Neptalí ló sọ fún mi. Má jẹ ẹ́. Tí o bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, tàbí ẹni tó jókòó tì ọ́ jẹ ẹ́ tó kan ọwọ́ rẹ, rántí. Ọmọ náà á sáré wá bá ọ, mo mọ̀ ọ́n, á nawọ́ méjèèjì. Dá a dúró. Má wo ojú mi, má wo ojú àwọn tó ń wòran. Wá omi ná, kí o fọ ọwọ́, kí o fọ ẹnu, kí o tó gbé e.

Ìyá rẹ,
Eudosia